Ọjọ́ Tí A Fi Ẹ̀pẹ́ Han Ìyá Fọlákẹ́

Ẹni tó bá ní mo máa ń pariwo jù, kó wá fẹ́ Súbérù wò fún ọ̀sẹ̀ kan péré. N kò ní bá a jà. Màá fi ọkọ sílẹ̀ fún un, èmi á lọ sinmi.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó pọ́nbélé ni èmi àti Súbérù. Ìbọn àgbá àwọn òyìnbó ló lé wa kúrò nílé, tí a bá ọba wa wọkọ̀, tí a fi di ará Ẹ̀pẹ́. Lùkúmàn, ọmọ wa, ṣì ń ta òkòtó nígbà náà. Ní báyìí, ó ti di géńdé, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbẹ́, irùngbọ̀n sì ti ń hù lágbọ̀n rẹ̀. Ọmọbìnrin Ìkòròdú kan tó ń jẹ́ Fọlákẹ́, tó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ nínú ìlú níbí, ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn débi pé oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Á gbé àáké sókè, á gbàgbé rẹ̀ sókè bẹ́ẹ̀, á máa wojú ọ̀nà.

A ránṣẹ́ sí Ìyá Fọlákẹ́ ní Ìkòròdú. Ó ní kí a dúró ná, òun ń bọ̀ wá fojú ara òun rí ibi tí wọ́n fẹ́ gbé ọmọ òun lọ. Ó nídìí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Àjèjì kan ló fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Ìpakodò, èbúté Ìkòròdú, láyé ọjọ́un. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin náà di ẹrù rẹ̀, ó wọkọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ, ó fi ìyàwó àti ìbejì sílẹ̀ létí omi. Láti ìgbà náà ni Ìyá Fọlákẹ́ ti búra pé ọmọ òun kò ní wọ ilé ẹni tí kò fìdí kalẹ̀. Bó bá rí i pé a ti fìdí kalẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ó gbà. Bí kò bá rí i, á mú ọmọ rẹ̀ padà sí Ìkòròdú, ọ̀rọ̀ parí.

Nígbà tó dé, tó wọ̀ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, mo pe ọkọ mi jókòó.

"Bàbá Lùkúmàn, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. A fẹ́ mú obìnrin yìí rìn yí ká lọ́la. Ẹ má dárúkọ Èkó."

"Èmi? Ìgbà wo ni mo máa ń dárúkọ Èkó?"

Ẹ gbọ́ mi o! Bí òjò bá rọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ọkùnrin yìí á ní òjò Èkó ló mọ́ jù. Bí mo bá se ẹja, á ní ẹja Èkó ló mọ bí a ṣe ń dùn lọ́bẹ̀. Ìgbà kan wà tí ẹ̀fọn jẹ ẹ́, ẹ̀fọn Èkó ló bẹ̀rẹ̀ sí í yìn. Àfi bí ẹni pé ẹ̀fọn ibẹ̀ máa ń tọrọ àyè kó tó jẹ èèyàn!

Ó ṣáà búra. Ó ní orúkọ náà kò ní jáde lẹ́nu òun títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ní àárọ̀, a lọ mú Ìyá Fọlákẹ́. Obìnrin kúkúrú ni, ó ki dáadáa, pákò wà lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń wo nǹkan látòkè délẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra ẹran iléyá. Ọjà etí omi la kọ́kọ́ mú un lọ. Àwọn apẹja ń já ẹja sílẹ̀, epìyà ń ta pọ́ún pọ́ún nínú agbọ̀n, èéfín ẹja yíyan gba gbogbo ibẹ̀.

Ìyá Fọlákẹ́ mú edé kan sókè. "Edé yìí mà tóbi o."

Inú mi dùn. Kí n tó lanu, Súbérù ti já lu ọ̀rọ̀. "Ó tóbi lóòótọ́, àna mi. Àmọ́ ní ibì kan tí mo mọ̀..."

Mo fi gìgísẹ̀ tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ibo nìyẹn?" ni Ìyá Fọlákẹ́ bi í.

"Ibì kan ṣá ni," ni ọkọ mi fèsì, "kì í ṣe ibi pàtàkì." Ẹ wo ojú rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́! Ó dà bí ẹni tó gbé ewúro mì láìfọ̀.

A gbéra, a gun òkè tó wà lẹ́yìn ìlú. Èmi ń mí gúlegúle, Ìyá Fọlákẹ́ ń mí gúlegúle, Súbérù nìkan ló ní ẹ̀mí tó fi ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé orí rẹ̀, kò sẹ́ni tó ráhùn mọ́. Gbogbo ọ̀sà tẹ́ sílẹ̀ níwájú wa, ó ń dán, ọkọ̀ kéékèèké ń lọ ń bọ̀, igbó sì dúdú minijọ lẹ́yìn wa. Atẹ́gùn fẹ́ gèlè Ìyá Fọlákẹ́ fẹ̀ẹ́rẹ́. Ó yọ pákò lẹ́nu. Èmi ti mọ̀ pé bó bá yọ pákò, ọ̀rọ̀ rere ló fẹ́ sọ.

"Háà, ibí yìí dára o," ó ní. "Èèyàn lè gbé ibí, kó sì pẹ́ láyé."

Ẹ̀yin èèyàn, ṣé kò yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀? Ṣé kò yẹ kí ọkùnrin dákẹ́?

"Ṣé èyí náà lẹ pè ní dídára?" ni Súbérù dáhùn. "Bí ẹ bá rí ibì kan tí omi yí po lọ́tùn-ún lósì, tí afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ sí i láti àárọ̀..."

Mo já a léèékánná nítan. Ó pariwo "Yéè!" ó fò sókè.

"Kí ló dé?" ni Ìyá Fọlákẹ́ bèèrè.

"Ìjàlọ ni," mo yára sọ. "Ìjàlọ ló bù ú jẹ."

Súbérù, olóríire, lóye, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kíkankíkan. Àṣé ìjàlọ lohun tí Ìyá Fọlákẹ́ bẹ̀rù jù láyé. Ó ká ìró sókè dé orúnkún, ó sáré sọ̀kalẹ̀ lórí òkè náà, ó ń gbọn aṣọ bó ṣe ń lọ. Nígbà tí a bá a nísàlẹ̀, ó ti ki pákò bọ ẹnu padà. "Ẹ kò sọ fún mi pé ìjàlọ ń bẹ nílùú yín," ó ní. Bí mo ṣe fi ọwọ́ ara mi ba ohun tó dára jẹ́ nìyẹn. Ó dùn mí dé ọkàn.

Ó ku ọ̀sà. Ibẹ̀ ni mo fi gbogbo ìrètí sí, torí Lùkúmàn ń dúró dè wá létí omi pẹ̀lú ọkọ̀ tuntun tó fúnra rẹ̀ gbẹ́, mo sì ti se ìkókoré tó gbóná fẹlifẹli, tí a fẹ́ jẹ lórí iyanrìn lódì kejì. Mo kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú àdúgbò wa, kí Ìyá Fọlákẹ́ lè mọ̀ pé ọmọ òun kò ní pàdánù oúnjẹ ilé.

Bí Lùkúmàn ṣe rí ìyá ìyàwó, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, iyanrìn wọ̀ ọ́ nímú. Ó dára. A wọkọ̀: Ìyá Fọlákẹ́ níwájú, èmi tẹ̀ lé e, Súbérù gbé ìkòkò lé itan, Lùkúmàn wà nídìí ọkọ̀ tó ń wà á. Omi pa rọ́rọ́. Súbérù kọ ẹ̀yìn sí ìhà tí Èkó wà kó má baà dán an wò. Mo ní, Ọlọ́run, o ṣé.

Nígbà tí a dé àárín omi, Ìyá Fọlákẹ́ fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó wẹ̀yìn. "Lùkúmàn, ṣé ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ gbẹ́ ọkọ̀ yìí?"

Ọmọ mi mọ̀ pé a kì í dúró gbagidi fèsì fún ìyá ìyàwó. Ó sọ àjẹ̀ sílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀.

Nínú ọkọ̀ o! Agbẹ́kọ̀ tó ti wà lójú omi láti kékeré! Ìfẹ́ ló gba làákàyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, omi rọ́ wọlé, Ìyá Fọlákẹ́ kígbe, "Dìde, ọmọ mi, mo ti rí i, mo ti rí i!" Ìkókoré gbígbóná dojú dé sí ṣòkòtò Súbérù.

Ó fò dìde. "Yéèpà! Ní Èkó, ta ní jẹ́ dọ̀bálẹ̀ nínú ọkọ̀!"

Ọkọ̀ rọlẹ̀. Lùkúmàn fi ọwọ́ fa àjẹ̀ tó ń léfòó, kò gbójú sókè.

"Ẹn-ẹ́n," ni Ìyá Fọlákẹ́ wí. "Ibì kan yẹn ní orúkọ, àbí? Ẹ dá mi padà. Mo ti rí ọjà, mo ti rí òkè, mo ti rí omi. Ẹ jẹ́ kí n rí ilé."

Ilé ni n kò fẹ́ kó rí. Mo ti pète pé tí a bá jẹun tán, á rẹ̀ ẹ́, á lọ sùn lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé kó má wá?

A dé ẹnu ọ̀nà. Ẹní la ta síbẹ̀, kò sí ìlẹ̀kùn. Ewúrẹ́ kan fi orí gbé ẹní náà, ó jáde láti inú ilé wa pẹ̀lú èèpo iṣu lẹ́nu. Ìyá Fọlákẹ́ wò ó títí ó fi kọjá. Lẹ́yìn náà ló rí ohun gígùn kan tí a fi ẹní wé, tó fara ti ògiri. Ó ṣí ẹní náà. Ìlẹ̀kùn ni, igi ìrókò, wọ́n fín iṣẹ́ sí i lára, òrùka irin wà níwájú rẹ̀.

"Ẹ ní ìlẹ̀kùn tó rẹwà báyìí, ewúrẹ́ ń wọlé tọ̀ yín?"

Súbérù ń wo ilẹ̀. Èmi ni mo dáhùn, torí ó ti sú mi, kò sì sí irọ́ tó kù. Mo sọ fún un pé lọ́jọ́ tí ogun lé wa, tí àwọn ẹlòmíì ń gbé ọmọ, tí wọ́n ń gbé ìkòkò, ọkọ mi ń yọ ìlẹ̀kùn ilé bàbá rẹ̀. Orí ìlẹ̀kùn náà ni mo jókòó lé nínú ọkọ̀ títí a fi dé Ẹ̀pẹ́. Kò jẹ́ kí a gbé e kọ́ níbí. Ó ní ẹnu ọ̀nà tó ń dúró dè é wà ní Èkó. Ó tilẹ̀ mọọ́mọ̀ ṣe ẹnu ọ̀nà tibí kúkúrú, ó ní a kò ní pẹ́.

Ìyá Fọlákẹ́ tún ẹní wé e jẹ́jẹ́. Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló já mi láyà.

"Ẹ ṣeun, ẹ tọ́jú mi," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, ẹrù tirẹ̀ náà wà ní dídì bẹ́ẹ̀. Lọ́la, èmi àti Fọlákẹ́ á máa lọ."

Lùkúmàn kò dọ̀bálẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ńṣe ló rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán. Mo bí ọmọ yìí, n kò sì rí ojú bẹ́ẹ̀ rí lára rẹ̀. Súbérù wò ó, ó wo ìlẹ̀kùn, ó tún wò ó.

"Ìlẹ̀kùn bàbá mi ni," ó ní. "Òrùka yẹn, ọwọ́ bàbá mi ló mú kó dán bẹ́ẹ̀."

Lẹ́yìn náà ló ní, "Lùkúmàn, mú ayùn rẹ wá."

Ọmọ mi ta gìrì. "Bàbá, ẹ má gé e. Mo lè gbẹ́ ògiri sókè, kí ẹnu ọ̀nà ga tó o."

"Bí o bá gbẹ́ ògiri, ìlẹ̀kùn yìí ṣì lè padà sí Èkó. Bí mo bá gé e, kò ní bá ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ mu mọ́ láéláé. Mú ayùn wá."

Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a ṣe é. Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ìlẹ̀kùn náà, pẹ̀lú ìkókoré tó ti gbẹ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó ń fa ayùn, ó ń sunkún, ó ń ṣépè fún igi ìrókò. Àwọn aládùúgbò jáde wá wò. Ọkùnrin tí kò gé igi rí, ẹ wo ibi tí ayùn gbà! Apá kan gùn, apá kan kúrú, adìyẹ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìtẹ orí ba. Ọmọ mi tó jẹ́ agbẹ́kọ̀ dúró tì í, ó di ẹnu mọ́ra bí ẹni tí eyín ń dùn. Lùkúmàn bá a gbé e kọ́, oòrùn kò tíì wọ̀.

Èmi àti Ìyá Fọlákẹ́ wọlé lọ wò ó láti inú. Ó ti ìlẹ̀kùn. Inú ilé ṣókùnkùn, ó sì tutù. Mo kàn ṣáà ń fọwọ́ pa igi náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ní ohun tí mo lè tì.

Ni ẹnì kan bá kanlẹ̀kùn níta.

"Ta ni?" ni Ìyá Fọlákẹ́ bèèrè.

"Súbérù ni."

"Súbérù ará ibo?"

Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ lódì kejì igi. Mo fẹ́ pariwo mọ́ ọn pé kó sọ ọ́, kó má pa ọmọ mi, ṣùgbọ́n mo fọwọ́ bo ẹnu. Ó pẹ́ kí ohùn rẹ̀ tó jáde, kò sì ga.

"Súbérù ará Ẹ̀pẹ́."

Ìyá Fọlákẹ́ nawọ́ kọjá mi, ó ṣílẹ̀kùn fún un. "Ẹ wọlé, àna mi," ó ní.