Ọmọ Ewúrẹ́ Tí Kò Ní Nọ́ńbà Etí

Dókítà ẹran ni wọ́n ń pè é ní bodè, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Awakọ̀ tó bá kó ẹran aláìsàn dé iwájú rẹ̀ á gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ̀ kò tíì sọ sí i rí. Òfin ibẹ̀ ò díjú. Ìlà funfun kan wà nílẹ̀. Ẹran tí wọn ò tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kò gbọdọ̀ kọjá a. Èyí tó bá sì ti òdìkejì bodè wá láìní nọ́ńbà létí, pípa ni wọ́n ń pa á, wọ́n á sun ún. Dókítà fara mọ́ òfin náà tọkàntọkàn. Ó ti rí i rí tí àrùn ẹran kan ṣoṣo run agbo odidi àdúgbò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, màmá àgbà kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó fa ewúrẹ́ kan tó ní nọ́ńbà létí lọ́wọ́. Ó ń ti òdìkejì bodè kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbé.

“Ìyá mi ló bẹ̀rẹ̀ ìran ewúrẹ́ yìí,” ló wí. “Mo ta àwọn yòókù, n ò lè ta èyí. Òun náà ti darúgbó bíi tèmi. Oyún inú rẹ̀ ló kẹ́yìn.”

Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn ewúrẹ́, ó fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Kí èsì tó dé, ewúrẹ́ wó lulẹ̀, ó ń rọbí lórí kọnkéré tó gbóná janjan. Ẹsẹ̀ ọmọ kan ti yọ, èkejì ká sẹ́yìn nínú. Omi àti ibòji wà nínú ọgbà, ṣùgbọ́n ọgbà wà lẹ́yìn ìlà funfun. Dókítà wo ìlà, ó wo ewúrẹ́. Ó gbé e mọ́ àyà, ó kọjá.

“Màmá, ẹ di orí ẹ̀ mú! Kó má tàpá sí mi.”

“Rọra o. Tì í sẹ́yìn ná, kó o tó wá ẹsẹ̀ kejì.”

“Mo mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́.”

“O mọ̀ ọ́n, o sì ń fà á!”

Ọmọ bọ́ sílẹ̀, ó dúdú, ó tutù rinrin, ó sín. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnu ẹ̀rín náà ni wọ́n wà tí aṣọ́bodè fi ti ibi oúnjẹ dé. Má-wọlé ni gbogbo èèyàn ń pè é. Òun rò pé oyè ni.

“Ta lèyí?”

“Àlejò,” ni Dókítà wí.

“Nọ́ńbà etí ẹ̀ dà?”

“Etí gan-an ò tíì gbẹ!” Màmá dá a lóhùn.

Má-wọlé ò rẹ́rìn-ín. Ó fa Dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò mọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Tó bá jẹ́ níta ìlà ló bí i, àjèjì ni, a ó pa á, ọ̀rọ̀ parí. Tó bá jẹ́ nínú ni, ọmọ ilẹ̀ wa ni, wọn ò lè pa á torí nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n a jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ gbé ìyá ẹ̀ wọlé kí èsì tó dé nìyẹn. Wọ́n ti lé èèyàn níṣẹ́ torí ohun tó kéré sí i. Dókítà, níbo ló bí i sí?”

“Ìta ni!” Màmá ti dáhùn. Ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu ọmọ ewúrẹ́ náà gbẹ, ọwọ́ rẹ̀ ò dúró. “Èmi arúgbó ni n ò rí ìlà, mo fà wọ́n wọlé. Ẹ mú un, kẹ́ ẹ ṣe é kíá. Ọmọ ọlọ́mọ ò ní tìtorí ewúrẹ́ mi jókòó sílé.”

Dókítà lè dákẹ́. Owó ilé, oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀, orí iṣẹ́ yìí ni gbogbo rẹ̀ wà. Ó wo ọwọ́ tó ń nu ẹran náà gbẹ kí wọ́n tó wá pa á.

“Màmá, ẹ dákẹ́. Ẹ ò mọ irọ́ pa rárá.” Ó yíjú sí Má-wọlé. “Inú ni. Èmi ni mo gbé ìyá ẹ̀ kọjá. Ẹ bá mi pe ọ̀gá.”

Ọ̀gá jágbe lórí fóònù débi pé ewúrẹ́ gbórí sókè. Ó ní ìyá àtọmọ ò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Kí wọ́n da omi apakòkòrò sí gbogbo ibi tí wọ́n tẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ìyá bá mọ́, kí wọ́n máa lọ. Dókítà ní tirẹ̀, kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Má-wọlé fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ mọ́. Màmá ò dúpẹ́. Dókítà ló kọjú sí.

“Aláìgbọràn ọmọ! Mo ń purọ́ torí rẹ, o ò jẹ́ kó jẹ́. Bí wọ́n bá lé ọ, wá sílé ọmọ mi. Màá kọ́ ọ ní ewúrẹ́ dídà.”

“Màmá, ilé tẹ́yin fúnra yín ò tíì dé?”

“Wọ́n á gbà wá. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.”