Òfin Ìgò Iná

Ọjọ́bọ̀ ni mo kọ òfin náà, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, nílé iṣẹ́ tí a ti ń yọ́ irin. Irin gbígbóná ti ta sí mi lọ́wọ́ òsì ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ọdún 1981. Báńdéèjì ṣì wà níbẹ̀, nítorí náà ọwọ́ kan ṣoṣo ni mo fi kọ ọ́, ìwé sì ń yọ̀ lórí orúnkún mi. Mo kọ ọ́ pé: bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ju ìgò epo tí iná wà lẹ́nu rẹ̀, tí dáìsì sì mú ení tàbí èjì wá, ìgò náà yóò bẹ́ sí i lọ́wọ́, gbogbo ìgò tó kù nínú àpò rẹ̀ yóò sì gbiná.

Kò sí ohun tó burú nínú òfin yẹn fúnra rẹ̀. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ ló burú.

Mẹ́rin ni wá. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú la máa ń pàdé ní yàrá abẹ́ ilé Gil Nowicki ní ìlú Janesville láti ṣe eré onídáìsì kan. Èmi ni adarí eré: èmi ni mò ń sọ ìtàn, tí mò ń ya ihò àti ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀, tí mò ń ṣe gbogbo ọ̀tá. Kálukú àwọn tó kù ní akọni kan lórí ìwé. Wọ́n á sọ ohun tí akọni wọn fẹ́ ṣe, dáìsì á sì sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Jagunjagun ni akọni Gil. Oṣó ni ti Curtis, tó ń ta táyà. Ẹni kẹrin ni Àǹtí Verna, àbúrò bàbá Gil, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Wọ́n gbé sáńwíìṣì wá fún wa lọ́jọ́ kan, wọ́n jókòó wòran díẹ̀, wọn ò sì padà sókè mọ́.

Nínú eré wa, ohun tí dáìsì bá fún ọ nígbà tí o ń dá akọni rẹ sílẹ̀ ni wàá gbà, kò sí pé o fẹ́ tún un jù. Dáìsì fún Gil ní agbára mẹ́tàdínlógún. Ó fún Àǹtí Verna ní olè kékeré kan tí agbára rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ.

"Àǹtí, adìyẹ á na eléyìí," Curtis wí.

"Jẹ́ kó wá nà án ná," ni wọ́n fèsì, wọ́n sì sọ olè náà ní Tansy.

Ọdún kan àti oṣù méjì ni Tansy fi wà láàyè. Nítorí pé kò lè jà, àfi kí Àǹtí Verna ronú. Wọ́n fi okùn gbé òmìrán ṣubú. Wọ́n da ìyẹ̀fun sílẹ̀ láti rí ojú ẹsẹ̀ àǹjọ̀nú tí a kò lè fojú rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá mọ ohun tí ìgò epo àtùpà lè ṣe, láti ìgbà yẹn ló ti jẹ́ pé Tansy ló ń pa gbogbo nǹkan.

Curtis fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀. "Lyle, agbára ò dọ́gba mọ́ o. Oṣó ni mo pe ara mi, àmọ́ fìtílà ni mò ń gbé tẹ̀lé olè kiri."

Mo ní òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe kọ òfin náà. Mo ní dírágónì kan, Morvane. Oṣù méje àti ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ṣe é, láàárín iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́: ìtàn ìdílé rẹ̀, ohùn rẹ̀, yàrá wúrà rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tí wọ́n dé ẹnu ihò rẹ̀, Àǹtí Verna ka ìgò wọn, wọ́n ní, "Méjìlélógún. Ẹ bá mi kí dírágónì yẹn pé mò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Mo ṣírò rẹ̀. Morvane kò ní lè sọ gbólóhùn méjì kó tó kú.

Àṣà wa ni pé bí mo bá ní òfin tuntun, màá dúró kà á kí ẹnikẹ́ni tó jókòó, kálukú á sì nawọ́ bó bá gbà. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé Ọjọ́bọ̀ yẹn, mi ò ka nǹkan kan.

Nígbà tí Tansy fẹ́ ju ìgò àkọ́kọ́ lu Morvane, Àǹtí Verna ju dáìsì. Èjì.

"Ó bẹ́ sí i lọ́wọ́," mo wí. "Gbogbo àpò náà sì gbiná."

"Háà! Níbo lo ti rí ìyẹn?" Gil wí.

Mo ṣí ìwé mi, mo fi ìka sí i. "Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Mo kà á fún yín kí ọdún tuntun tó dé. Torí kí agbára lè dọ́gba ni."

"Ó jọ pé mo rántí," Curtis wí kíákíá.

Àǹtí Verna kò jiyàn. Wọ́n wo ìwé náà, wọ́n wo èmi. "Ṣé mo nawọ́ sí i?"

"Ẹ nawọ́, mà."

"Mi ò rántí rárá," ni wọ́n wí, ohùn wọn sì rẹlẹ̀. Wọ́n rọra fa ìwé Tansy ya sí méjì, bí a ti máa ń ṣe fún akọni tó bá kú. Morvane sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ.

Àǹtí Verna ò wá ní ọjọ́ Àìkú méjì tó tẹ̀ lé e. Mo rò pé inú ló ń bí wọn. Gil ló wá sọ ọ́ nígbà tó ń ṣí ìgò sódà.

"Wọn ò wa mọ́tò mọ́. Wọ́n lẹ bébà mọ́ gbogbo ara ògiri: pa gáàsì, ti ilẹ̀kùn. Ọmọ ọgọ́ta ọdún ni màmá wọn nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé orúkọ èèyàn. Wọ́n fẹ́ lọ rí dókítà lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ òfin tí àwọn ò rántí yẹn ló la ojú àwọn."

Curtis wò mí, ó sì gbójú kúrò. Mo ní kí a máa bá eré lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo wí, mi ò lè sẹ́ ẹ.

Lọ́jọ́rú, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo lọ sílé wọn. Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Bébà wà lára rẹ̀ lóòótọ́: MÚ KỌ́KỌ́RỌ́.

"Lyle! Yìnyín wà lẹ́sẹ̀ rẹ. Wọlé, kí n po kọfí."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ kí n dúró." Mo sọ ọ́ lórí ìdúró. Mo sọ Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo sọ Morvane, mo sọ pé kò sí ẹni tó nawọ́ rí.

Wọ́n yíjú wo bébà ara ilẹ̀kùn. "Ṣé orí mi pé?"

"Orí yín pé, mà."

"Lóòótọ́?"

"Irọ́ ni mo pa fún yín."

Wọ́n jókòó lórí àga tí wọ́n ń kó bàtà sí abẹ́ rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi épírónì nu ojú. "Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni mi ò fi sùn. Torí dírágónì?"

Wọ́n dìde, wọ́n lọ síbi fóònù ara ògiri ní kíṣìnì, wọ́n pe obìnrin tó ń gba fóònù fún dókítà, wọn ò ní kí n máa lọ, wọn ò sì dárúkọ kọfí mọ́.

"Verna Nowicki ni. Ẹ yọ orúkọ mi kúrò fún ọjọ́ Ẹtì… Rárá, kò sí ohun tó ṣe mí. Ọ̀rẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló parọ́ fún mi… Nínú eré. Rárá o, kì í ṣe káàdì. Eré dírágónì." Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu fóònù, wọ́n yíjú sí mi. "Ó ń bèèrè ohun tó ṣe dírágónì náà."

"Kò kú, mà."

"Kò kú," wọ́n sọ fún ẹni náà. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì na fóònù sí mi títí okùn rẹ̀ fi le. "Ó ní kò yé òun. Wá ṣàlàyé fún un."

Mo gbọn yìnyín kúrò lẹ́sẹ̀, mo rìn wọlé, mo gba fóònù náà. Wọ́n ká apá, wọ́n dúró tì mí.

"Ẹ káàsán, mà," mo wí. "Lyle Prochnow ni orúkọ mi."