Wọ́n Ní Wọ́n Rí Nọ́ọ̀sì

Nọ́ọ̀sì jáde nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láti lọ síbi iṣẹ́, kò sì dé ibi iṣẹ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyókù tí ìlú ń sọ, ẹnu lásán ni wọ́n fi ń ṣe é.

Wọ́n sì ń fi ẹnu ṣe é dáadáa. Ní ṣọ́ọ̀bù Agẹrun tó kọjú sí ilé wọn, kò sí ẹni tó jókòó gẹrun tí kì í dìde pẹ̀lú àlàyé tuntun. Ẹnìkan ní ọkùnrin oníyàwó kan ló gbé e lọ. Òmíràn ní ó ti wà lókè òkun, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó, ara rẹ̀ ti ń dán. Ọkùnrin kan tí kò fojú kan Nọ́ọ̀sì rí búra pé oyún ló sá fún. Agẹrun fúnra rẹ̀ á pa ẹ̀rọ, á gbé ọwọ́ sókè bí adájọ́, á ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ tòun: obìnrin tó bá dákẹ́ tó yẹn, nǹkan ń bẹ nínú rẹ̀. Oníbàárà á ní òótọ́ ni, nítorí pé abẹ wà lọ́rùn rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kì í ṣe obìnrin tó ń dákẹ́. Agẹrun ni kì í bá sọ̀rọ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ alágbàfọ̀ ń gbọ́ gbogbo èyí láti ojú fèrèsé níbi tó ti ń lọ aṣọ. Yàrá iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tẹ́, ayọ́ọ̀nù tó gbóná bí ìbínú, àti okùn tí aṣọ àwọn oníbàárà fi kọ́ bí èrò tó ń dúró de mọ́tò. Yàrá ẹ̀yìn ni òun, Nọ́ọ̀sì àti Màmá ń sùn. Nọ́ọ̀sì kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ lọ́jọ́ orí. "Ìwọ" ló máa ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Màmá bá a wí títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Àpótí aṣọ kan ni àwọn méjèèjì ń lò, ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ń mú èyí tó wù ú. Bí wọ́n bá kẹ́yìn síni, ìyá tó bí wọn gan-an a máa ṣì wọ́n pè.

Níbẹ̀rẹ̀, Sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá tí wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́ ṣèèyàn. "Àbúrò mi" ló ń pe Alágbàfọ̀. Ó ní òun máa kó àwọn ọmọ iṣẹ́ òun wá láti tú igbó tó wà lẹ́yìn ọgbà ọsibítù, nítorí ibẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì ń gbà gé ọ̀nà kúrú nígbà tó bá ti pẹ́. Alágbàfọ̀ ti dá lọ síbẹ̀ pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Ó rìn títí koríko fi ga jù ú lọ, ẹrẹ̀ sì mú un dé orókún, ó wá padà. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ láyé ni kí ẹni tó lágbára jù ú lọ wọ inú igbó yẹn.

Ó ní kí òun má jókòó lásán kó tó di pé wọ́n wá. Ó lọ tẹ pósítà. Fọ́tò tí Nọ́ọ̀sì ti wọ kóòtù àwọ̀ ewé ló mú, kóòtù tí bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi bí ìdérí ìgò. Aṣọ funfun ibi iṣẹ́ ni Nọ́ọ̀sì wọ̀ lọ́jọ́ tó jáde, kóòtù wà nílé. Ṣùgbọ́n Alágbàfọ̀ kì í rántí ojú àwọn oníbàárà rẹ̀, aṣọ ló fi ń mọ̀ wọ́n. Bí o bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà tí o kí i, ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ ló máa kọ́kọ́ wò kó tó dáhùn. Ó rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe nìyẹn. Nítorí náà ó wọ kóòtù náà sọ́rùn. Ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, á gbé ike gúlúù, á máa lẹ pósítà káàkiri, ní gáréèjì, lẹ́bàá afárá, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, pẹ̀lú èrò pé bí àwọn èèyàn bá rí aṣọ náà lójúkojú, wọ́n á rántí ẹni tó ni ín.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í rántí.

Ètò kan wà lórí rédíò ní ọ̀sán Sátidé, tí àwọn èèyàn fi ń pè láti sọ ohun tí wọ́n mọ̀ àti ohun tí wọn ò mọ̀. Obìnrin kan pè, ó ní òun rí Nọ́ọ̀sì ní gáréèjì, nínú kóòtù àwọ̀ ewé, ó ń yára rìn bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n dá òun mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, awakọ̀ kan rí i lẹ́bàá afárá. Lẹ́yìn náà, ó di pé àwọn olùpè ń bára wọn jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ rí i.

Màmá tí kì í jẹun mọ́ jẹun lọ́jọ́ tí obìnrin gáréèjì pè. Ó wẹ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun wá òróró tí òun fi ń para. Tó bá ti di ọ̀sán Sátidé, á gbé àga ti rédíò bí ẹni tó ń yá iná, á sì máa bá olùpè sọ̀rọ̀: "Ṣé ó rù? Bi í bóyá ó rù."

Alágbàfọ̀ náà gbà á gbọ́. Ó yẹ kó ti mọ̀, nítorí kóòtù yẹn, ọrùn òun fúnra rẹ̀ ló wà. Ṣùgbọ́n ó ní irú kóòtù bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́jà, bóyá ẹ̀gbọ́n òun ti ra òmíràn. Ibi tí wọ́n bá sì ti ní wọ́n rí i, ibẹ̀ ló máa ń sáré lọ lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú pósítà, pẹ̀lú kóòtù.

Nígbà tó tún dé àgọ́ ọlọ́pàá láti béèrè ọ̀rọ̀ igbó, Sájẹ́ǹtì ń fi ọ̀pá ìṣáná ro etí. Ó ní, "Àbúrò mi, àgbàlagbà ni ẹ̀gbọ́n rẹ. Gbogbo ìlú ló ń rí i. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kiri ìgboro, kí ni kí n lọ wá nínú igbó?" Ó ní kó lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé bí inú Nọ́ọ̀sì bá rọ̀, yóò padà wálé.

Alágbàfọ̀ kọrí sílé. Inú rẹ̀ fẹ́ dùn, ó sì kọ̀, kò dùn.

Lọ́sẹ̀ kan, ayọ́ọ̀nù jó o lọ́wọ́ òsì. Ó jó o dáadáa, awọ bó. Màmá fi omi tútù sí i, ó ya etí gèlè pupa kan tó ti gbó, ó fi di ọwọ́ náà. Ní Sátidé yẹn Alágbàfọ̀ gbé ike gúlúù rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe, ó lọ sí ọ̀nà ilé ìwé, ó padà sídìí ayọ́ọ̀nù. Rédíò ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn. Ọkùnrin kan pè. Ó ní òun rí Nọ́ọ̀sì láàárọ̀ yìí gan-an, nítòsí ilé ìwé, kóòtù àwọ̀ ewé wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì fi aṣọ pupa di ọwọ́ òsì.

Olùpè tó tẹ̀ lé e ní ẹ ò rí nǹkan, ọkùnrin tó gbé e sá ló ń lù ú. Òmíràn ní rárá, okùn ni wọ́n fi dè é lọ́wọ́, ó já okùn ni. Lódì kejì títì, Agẹrun pa ẹ̀rọ. Ó ní, "Mo wí fún yín àbí n ò wí?"

Alágbàfọ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí tábìlì. Gbogbo ibi tí wọ́n ti rí Nọ́ọ̀sì ló tò sí i lọ́kàn, kò sì sí ọ̀kan tí kì í ṣe ibi tóun ti lẹ pósítà. Wọn ò rí ẹnikẹ́ni. Òun ni wọ́n ń rí. Ìgbà tóun bá sì ti kọjá lọ tán ni wọ́n ń wo fọ́tò.

Ó wọ yàrá ẹ̀yìn. Màmá ti pa rédíò, ó ń ká aṣọ oníbàárà lórí ibùsùn.

"Màmá, èmi ni wọ́n rí."

Màmá kò gbójú sókè. "Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà gáréèjì. Ta lo rò pé ó ń lọ kóòtù yẹn tó ń gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà fún ẹ láràárọ̀ Sátidé? Ìwọ lo máa ń lọ aṣọ gbogbo ìlú. Ṣé ìwọ lo lọ ọ́ ni?"

Alágbàfọ̀ jókòó. Lóòótọ́, kò lọ kóòtù náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni kò sì bi ara rẹ̀ léèrè rí.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ, wọn ò ní rí i mọ́."

Ó sọ fún Màmá pé nítorí àwọn tó ń rí i yìí ni Sájẹ́ǹtì kò ṣe wọ igbó. Màmá ní òun gbọ́. Alágbàfọ̀ ní òun máa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀ ọ̀la, òun máa sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn. Màmá bá gbé aṣọ tó ń ká sílẹ̀.

"Tí wọ́n bá wọ ibẹ̀, tí wọ́n wá rí nǹkan ńkọ́?"

"A máa mọ̀ nìyẹn."

"Èmi ò fẹ́ mọ̀." Ohùn rẹ̀ kéré. Ó di ọmọ rẹ̀ mú níbi ọwọ́ tó jó yẹn, kò sì mọ̀ pé ó ń dùn ún. "Jẹ́ kí Sátidé kan péré kọjá sí i. Kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà kí o lọ."

Alágbàfọ̀ rò ó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò rò ó. Ó ní, "Rárá, mà."

Kóòtù náà ló wọ̀ lọ, pẹ̀lú aṣọ pupa lọ́wọ́, kí àlàyé má baà gùn. Sájẹ́ǹtì wò ó látòkè délẹ̀. Ọlọ́pàá kan rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ẹ wá rí Nọ́ọ̀sì tí gbogbo ayé ń wá. Sájẹ́ǹtì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè. Kí ló dé tó ń wọ aṣọ ẹni tó sọnù? Ta ló ní kó máa ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣé òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í jà? Alágbàfọ̀ ṣàkíyèsí pé "àbúrò mi" ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ti di "ìwọ obìnrin yìí."

"Ẹ fura sí mi tó bá wù yín, ọ̀gá," ó ní. "Ẹ sáà wọ inú igbó yẹn."

Wọ́n wọ igbó náà, nítorí pé wọn ò tún rí àwáwí kankan mọ́. Òjò ti rọ̀ síbẹ̀ láìmọye ìgbà. Gọ́tà tó gba abẹ́ ògiri ọsibítù kọjá ti kún, ó ti gbẹ, ó tún ti kún. Nínú ẹrẹ̀ gọ́tà yẹn ni wọ́n ti rí bàtà funfun kan. Ẹyọ kan ni. Wọn ò rí ohun mìíràn. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé ká ní wọ́n tètè wá ni, Sájẹ́ǹtì ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Sájẹ́ǹtì gbé bàtà náà wá sílé fúnra rẹ̀ nínú ọ̀rá, ó gbé e sórí tábìlì tí wọ́n ti ń lọ aṣọ. Ó ní kí Màmá wò ó dáadáa. Màmá tẹ̀ba, ó wò ó pẹ́.

"Kì í ṣe tirẹ̀," ó ní. "Ẹsẹ̀ ọmọ mi ò tóbi tó báyìí."

Sájẹ́ǹtì yíjú sí Alágbàfọ̀. Màmá náà yíjú sí i. Ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kìlọ̀ fún ọmọdé nílé onílé.

Òwú tí wọ́n fi rán ìdè bàtà náà ti dọ̀tí, ṣùgbọ́n àwọ̀ búlúù rẹ̀ ṣì hàn. Funfun ló yẹ kó jẹ́. Òwú funfun ti tán lọ́jọ́ tí ìdè náà já, Nọ́ọ̀sì sì ń kánjú, ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bú u pé alágbàfọ̀ tí kò lówùú, kí ló ń ṣe tó fi ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá.

"Tirẹ̀ ni," Alágbàfọ̀ ní. "Èmi ni mo rán an."

Màmá wọ yàrá ẹ̀yìn, ó ti ilẹ̀kùn. Kò sunkún tí ẹnikẹ́ni gbọ́. Fún ọjọ́ mélòó kan, kò bá ọmọ rẹ̀ sọ ju ọ̀rọ̀ omi àti oúnjẹ.

Sátidé dé. Alágbàfọ̀ rò pé Màmá kò ní tan rédíò, ṣùgbọ́n ó tàn án. Wọn ò sọ pé wọ́n rí Nọ́ọ̀sì mọ́. Ọ̀rọ̀ àbúrò ló kù lẹ́nu wọn. Obìnrin gáréèjì ní òun ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ojú yẹn kì í ṣe ojú Nọ́ọ̀sì, ojú ọ̀daràn ni. Awakọ̀ afárá béèrè pé báwo ló ṣe mọ òwú ìdè bàtà, bí kì í bá ṣe òun ló jù ú síbẹ̀. Ẹlòmíì ní ìlara ni, wọ́n jọ ń wọ aṣọ kan, ó wá fẹ́ dá wọ̀ ọ́. Àwọn oníbàárà ti ń wá kó aṣọ wọn kúrò, tútù tàbí gbígbẹ. Okùn inú ṣọ́ọ̀bù ti ṣófo títí dé ààbọ̀. Agẹrun tó máa ń kó táwẹ́ẹ̀lì wá tẹ́lẹ̀ ti ń fọ tiẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń sá wọn síta kí gbogbo èèyàn lè rí i.

Alágbàfọ̀ ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì tó kù. Ó gbọ́ tí Màmá dìde nídìí rédíò. Màmá kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sọdá títì pẹ̀lú aṣọ ilé lára. Kò tíì wọ ṣọ́ọ̀bù Agẹrun rí. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, orúkọ àbúrò sì wà lẹ́nu wọn. Wọ́n rí i, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í kí i ẹ kúùrọ̀lẹ́ mà, nígbà tí kò tíì sí ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rọ ń kùn lọ́wọ́ Agẹrun.

Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò pariwo.

"Ẹni tí ẹ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ yẹn," ó ní, "òun ni ọmọ tó ṣẹ́kù fún mi."

Alágbàfọ̀ gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Ó gbé ayọ́ọ̀nù kúrò lórí ṣẹ́ẹ̀tì, kó má baà jó o.