Ìlà Tó Dúró ní Ọjọ́ Kẹwàá

Ẹyin mẹ́tàlélógún kú sínú àpótí Jemilat ní Ìpọ̀nrí, l'Ékòó, nítorí pé ó gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ sórí tábìlì.

Ẹyin adìẹ òpìpì ni, adìẹ tí ìyẹ́ apá rẹ̀ kì í pé. Ìyá rẹ̀ fi wọ́n ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́, Jemilat lọ gbà wọ́n ní gáréèjì Jíbówú. Àrùn ti pa gbogbo adìẹ tó yé wọn.

"Ohun tó kù nìyẹn," ìyá wí lórí fóònù. "Má fi wọ́n ṣeré."

Jemilat kó wọn sínú àpótí oníná tó ń sàba lé ẹyin bí adìẹ. Ní àràárọ̀, ó ń kọ bí ibẹ̀ ṣe gbóná tó sínú láptọ́ọ̀pù. Nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́wàá, àbúrò rẹ̀ Ayọ̀miídé, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba, fi àwọn nọ́ńbà náà ya ìlà fún un sójú láptọ́ọ̀pù náà. Bí ìlà bá gòkè, ooru ti pọ̀ jù. Lọ́jọ́ kejì ó pè é.

"Àǹtí mi, ẹ fi àwọn nọ́ńbà yẹn sí tábìlì o. Ìlà yẹn á wá máa gùn fúnra rẹ̀ bẹ́ ẹ bá ṣe ń kọ tuntun."

"Tábìlì wo?"

"Èyí tó wà níbẹ̀ náà."

Jemilat gbé láptọ́ọ̀pù kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó nu tábìlì ìjẹun, ó gbé e síbẹ̀.

Yàrá náà móoru, iná àpótí pọ́n yòò lára ògiri. Lọ́sọ̀ọ̀sán, á jókòó, á máa wo ìlà tó tẹ́jú bí omi inú àwo, oorun á sì rọra gbé e. Á rí àwọn òpìpì nínú àgbàlá ìyá rẹ̀, wọ́n ń sáré, wọn ò lè fò. Nọ́ńbà ń fi díẹ̀díẹ̀ gòkè lójoojúmọ́. Ó ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìlà ló ń wò.

Lọ́jọ́ kọkàndínlógún, Ayọ̀miídé yà síbẹ̀.

"Àǹtí, kí ló dé tí ìlà dúró sí ọjọ́ kẹwàá?"

"Mo ṣáà gbé e sórí tábìlì."

Ayọ̀miídé wo tábìlì. Kò rẹ́rìn-ín. "Tábìlì inú kọ̀ǹpútà ni mo wí, àǹtí mi. Èyí tí wọ́n ń to nọ́ńbà sí."

Ó tẹ bọ́tìnnì bíi mélòó kan, ó tún ìlà náà yà. Ìlà jí, ó gòkè, ó ń gòkè lọ.

Jemilat gbé ẹyin kan síwájú iná. Kò sí ohun tó mira nínú rẹ̀. Ó gbé òmíràn, ó gbé gbogbo wọn.

Ìyá pè lọ́jọ́ kọkànlélógún. "Wọ́n ti ń ké nínú èèpo?"

Wọn ò ké. Òpìpì tí ìyá ti ń sìn láti ọjọ́ tó wọlé ọkọ ló tán sí Ìpọ̀nrí.