Òkú Tó Ń Mí

Bó bá ṣe pé ikú ṣeé fi ṣiṣẹ́ ṣe, bàbá yìí ni ọ̀gá níbẹ̀. "Òkú Òótọ́" ni àwọn òṣèré ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí ó ti kú nínú fíìmù mẹ́rìndínlógójì, kò sì sẹ́ni tó rí i kó ṣẹ́jú rí. Ẹ má dá a lẹ́bi. Ẹlòmíràn ń fi ilé ṣe fáàrí, òun ń fi òkú ara rẹ̀ ṣe é.

Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wo fíìmù ní pálọ̀ kó tó jáde. Bí áńkáṣíìfù ìyá kò bá tutù, wọn á tún ikú náà yà. Ìlànà ilé wọn nìyẹn. Ti ọ̀tẹ̀ yìí wá ṣe pàtàkì: bàbá fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó sì fẹ́ kí ẹkún àṣekẹ́yìn ju gbogbo ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àṣé ọmọ wọn obìnrin, tó ń ya fíìmù, ti ra kámẹ́rà tuntun. Àwòrán mẹ́rìnlélógún ni ti àtijọ́ ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọgọ́ta ni tuntun ń yà. Ó ní gbogbo nǹkan á máa lọ geere. Ó lọ geere lóòótọ́! Bàbá ṣubú lulẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, ó kú, ni ìyá bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin nìyí o! Bẹ́ ẹ ṣe máa ń díbọ́n pé ẹ ti sùn nìyẹn tí mo bá ní kẹ́ ẹ lọ da pàǹtí nù. Àyà yín ń lọ sókè sódò. Àfi bíi pé ojú fèrèsé ni mo ti ń wò yín."

"Mi ò mí!" Bàbá ta kú.

"Bàá mi, ẹ mí," ni ọmọ fèsì. "Àwòrán ti àtijọ́ kò pọ̀, ó sì máa ń ṣe bàìbàì díẹ̀. Abẹ́ bàìbàì yẹn lẹ ti ń yọ́ mí."

Bàbá bínú, kò jẹun ọ̀sán. Kéèyàn kú lójú ìyàwó rẹ̀ kíyẹn máa rẹ́rìn-ín, irú ìtìjú wo nìyẹn? Nígbà tí ọmọ rí i pé bàbá òun ò ṣeré, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó dín àwòrán náà kù láti ọgọ́ta sí mẹ́rìnlélógún, ó jẹ́ kó ṣe bàìbàì bíi ti àtijọ́. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, wọ́n tún jókòó wò ó.

Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá kú pátápátá. Èyí tó jókòó sórí àga wá ń yọjú wo áńkáṣíìfù ìyá, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ti tutù rinrin.

"Ẹ pa á," ni ìyá wí. "Èyí tó ń mí yẹn ni mo fẹ́."

"Ìyá àwọn ọmọ! Àwọn òǹwòran á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!"

"Kí wọ́n máa fi yín ṣe é. Ìgbà mẹ́rìndínlógójì ni mo ti di opó ní pálọ̀ yìí, tí ẹ ó máa bi mí bóyá ó dùn mí dáadáa. Ó dùn mí o! Mo ti dàgbà, ẹ̀yin náà ti dàgbà. Ẹ jẹ́ kí n máa rí i pé ẹ̀ ń mí."

Látọjọ́ tó ti ń kú, bàbá kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí, ojú sì tì í gidi. Ó dìde lórí àga rẹ̀, ó lọ jókòó ti ìyàwó rẹ̀.

"Ọgọ́ta ni kó o gbé jáde," ló sọ fún ọmọ.