Nọ́ńbà Méjì Tí Súíìṣì Kọ Sí Mi

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá mo kàwé. Mo kàwé dáadáa, méjì aláyọ̀ ni mo sì ń gbà. Nílé ẹ̀kọ́ tiwa ní Paraguay, máàkì ọ̀kan ni ti ẹni tó fìdí rẹmi, márùn-ún ni ti olórí pípé. Ẹni tó bá gba méjì ti yege, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ló kó o yọ, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní méjì aláyọ̀. Bí mo bá ti rí méjì báyìí, ọkàn mi a balẹ̀. Ọkàn mi tó balẹ̀ yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìrìn àjò gbogbo ìlú Villarrica dúró.

Ibùdókọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń bójú tó súíìṣì, àpótí irin pẹlẹbẹ kan tí wáyà gbogbo kọ̀ǹpútà wa wọ inú rẹ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sẹ̀ Màríà Mímọ́ ti Caacupé ni, tí tọmọdé tàgbà ń lọ san ẹ̀jẹ́. Don Eladio, ọ̀gá wa, pè mí lójú gbogbo èèyàn.

"Ceferino, bí ọ̀sẹ̀ yìí bá lọ láìsí wàhálà, ìwọ ni mo máa fi ṣe ọ̀gá ẹ̀rọ. Bó bá dàrú, mo ń pe ọkùnrin oníṣẹ́ ẹ̀rọ ará Asunción yẹn padà."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Don Eladio," ni mo wí. "Èdè tí ẹ̀rọ yẹn ń sọ, bí èdè ìyá mi ló rí létí mi."

Ẹnu mi ni kò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́.

Ṣé ẹ rí i, súíìṣì kì í ké. Ó máa ń kọ ọ̀rọ̀ sójú kọ̀ǹpútà mi ni, á sì fi nọ́ńbà kan síwájú ọ̀rọ̀ náà láti fi hàn bó ṣe le tó; èmi sì gbà pé bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ni wàhálà ṣe pọ̀ tó. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó kọ ọ́ pé wáyà kọ̀ǹpútà Ña Deolinda, ìyá onítíkẹ́ẹ̀tì wa, já. Nọ́ńbà márùn-ún. Kò pẹ́, ó ní wáyà náà ti padà. Márùn-ún. Ó tún já, ó tún padà, márùn-ún lórí márùn-ún. Láàárín gbogbo rẹ̀, ó kọ ọ̀kan ṣoṣo pé ooru ti ń pọ̀ jù nínú òun. Nọ́ńbà méjì. Mo rẹ́rìn-ín. Méjì aláyọ̀! Nínú oṣù Kejìlá tó jẹ́ oṣù ooru lọ́dọ̀ wa, ta ni ooru ò mú? Mo fi í sílẹ̀, mo kọrí sọ́dọ̀ Ña Deolinda.

Ña Deolinda ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì níbùdókọ̀ yẹn kí wọ́n tó bí mi. Mo bá a tó ń yọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ kúrò lára iná, tó sì ń ki fáànù bọ ibẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ife tereré, omi ewé tútù tí a fi ń pa ooru, ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ láàárín àwọn awakọ̀.

"Ña Deolinda! Ẹ̀yin lẹ fẹ́ pa ẹ̀rọ mi!"

"Atẹ́gùn ni mo fẹ́ gbà, ọmọ mi. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà níbí. Bí èrò bá dé, mo tan kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá lọ, mo tan fáànù. Ṣé kí n kú ni?"

"Márùn-ún ni ẹ̀rọ fún yín! Márùn-ún!"

"Ẹ bá mi yọ̀ o. Mi ò gba márùn-ún rí láyé mi."

Àwọn awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi, mo lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun Don Eladio, ó sì ní kí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa. Mo padà síjòókòó mi bí ẹni tó ṣẹ́gun.

Nígbà tí oòrùn kàn wá lórí, súíìṣì kú, kò sì sí kọ̀ǹpútà tó lè ta tíkẹ́ẹ̀tì mọ́. Èrò ti tò jáde dé ojú títì. Màmá arúgbó kan ń pariwo pé òun ti ṣèlérí fún Màríà Wúńdíá, kí ni kí òun wá sọ fún un? Mo sáré ṣí yàrá kótópó tí súíìṣì wà. Ooru gbá mi lójú. Mo fọwọ́ kan àpótí náà, kíá ni mo fà á padà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni firísà tí a fi ń ṣe yìnyín tereré wà, tó ń mí èémí gbígbóná sí i lára. Ta ló gbé e síbẹ̀? Èmi náà ni. Iná yàrá yẹn kì í lọ, mo sì fẹ́ kí wọ́n yìn mí pé mo wá yìnyín fún wọn. Wọ́n sì yìn mí lóòótọ́.

Mo ti firísà jáde, mo gba fáànù Ña Deolinda láìtọrọ, mo kọjú rẹ̀ sí súíìṣì. Bí mo ti ń dúró kó tutù, mo ṣí ìwé tí àwọn tó ṣe é fi bá a wá, èyí tí mo ti ń gbé ife lé lórí láti ọjọ́ yìí. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ló ti là á yé mi: òdo ló burú jù, méje ni kò ní láárí. Márùn-ún kàn ń ròyìn ni. Méjì ni kí ẹni tó ń sùn dìde kó sáré. Ojú tì mí débi pé mo wẹ̀yìn, bóyá ẹnì kan ń bá mi kà á.

Súíìṣì jí. Ṣùgbọ́n bó bá ti kú tó jí, gbogbo ohun tó kọ tẹ́lẹ̀ ti parẹ́ nìyẹn. Kò sí márùn-ún, kò sí méjì. Èmi nìkan ni mo mọ̀.

Don Eladio wọlé, òógùn bò ó. Ña Deolinda tẹ̀ lé e.

"Ṣé ẹ̀rọ yìí ò kìlọ̀ fún ẹ ni? Àbí wáyà tí Ña Deolinda ń yọ tó ń kì ló fà á? Bó bá jẹ́ òun ni, kó máa lọ sílé lónìí."

Mo wo ojú kọ̀ǹpútà mi tó mọ́ féfé. Irọ́ náà ti jinná, kí n ṣáà bù ú jẹ ló kù. Mo fẹ́ ipò yẹn gan-an, mi ò ní tàn yín. Ña Deolinda ń fi àtẹ́lẹwọ́ fẹ́ ara rẹ̀.

"Ó kìlọ̀," ni mo wí. "Láti àárọ̀. Èmi ni mo kà á sódì. Èmi náà ni mo gbé firísà síbẹ̀. Ọwọ́ Ña Deolinda ò sí níbẹ̀ rárá."

Don Eladio nu òógùn ojú rẹ̀. "Ò bá dákẹ́," ló wí. "Ǹ bá má mọ̀ láéláé." Ó mú fóònù jáde, ó pe ọkùnrin Asunción níṣojú mi, ó ní kó máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ña Deolinda ò dúpẹ́ o. Ó ṣí fèrèsé rẹ̀, ó fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

"Ceferino, jókòó, èrò pọ̀. Nọ́ńbà ìjókòó bọ́ọ̀sì, láti iwájú lọ sẹ́yìn ni wọ́n ń kà á. Ṣé o gbọ́ èdè yẹn?"

Mo ní mo gbọ́. Ó ní kí n kọ́kọ́ ka nọ́ńbà náà fún òun kí n tó ta tíkẹ́ẹ̀tì kankan.