Oòrùn Orí Ilẹ̀ Pálọ̀

"Ìyá Mansur, ṣé o ń gbọ́ mi?" Ohùn Àlájà Moríyọ̀ ń dún lórí fóònù bí ẹni tó wà ní yàrá kejì, bẹ́ẹ̀ Ìkòròdú ló ti ń pè. "Wo inú àpótí onígi tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ àwọn ìró mi àtijọ́, aṣọ funfun kan wà níbẹ̀. Bá mi sá a sóòrùn kí n tó dé. Àwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́fà, mi ò sì tíì sá a lọ́dún yìí."

Ṣìkẹ́mi, ọmọ rẹ̀, wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìkọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìrépé aṣọ funfun kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lọ́wọ́ òsì. Òkìtì irú ìrépé bẹ́ẹ̀ ṣì wà lórí itan rẹ̀.

"Aṣọ wo nìyẹn, Màámi?"

"Aṣọ wo kẹ̀? Aṣọ tí mo fi omi Sámúsámù fọ̀ ní Mẹ́kà. Èyí tí ẹ máa fi sin mí. Àbí Tájù ò sọ fún ẹ ni?"

Tájù kò sọ. Ṣìkẹ́mi mọ̀ pé ìyá òun mú irú aṣọ bẹ́ẹ̀ bọ̀ láti Mẹ́kà, ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú ilé Mùsùlùmí? Ṣùgbọ́n ó ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ọ̀dọ̀ Tájù àbúrò òun ló wà, nítorí ọmọkùnrin ni wọ́n sábà máa ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Màámi." Ó pa fóònù. Ó wá wo rọ́ọ̀gì tó ń fi ìrépé náà ṣe níwájú rẹ̀.

Ó di oṣù márùn-ún tí Ṣìkẹ́mi ti kó padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Olódì-Àpápá, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún tó ti lò ní Abẹ́òkúta. Ọkọ rẹ̀ ti kú, Mansur ọmọ rẹ̀ ti lọ sókè òkun, òun náà sì ti fẹ̀yìn tì. Ó rò pé téèyàn bá padà sílé tí wọ́n ti bí i, kó wọlé, kó bọ́ bàtà, kó jókòó ló kù. Irọ́ ni. Kò sí ohun tó fọwọ́ kàn tí ìyá rẹ̀ kò ní kó dá padà. Ìkòkò yẹn kì í gbé ibẹ̀ yẹn. Ta ló sún àga mi? Kódà orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ìyàwó ilé ni ìyá rẹ̀ ń pè é, Ìyá Mansur, Ìyá Mansur, bíi pé ó wá kí wọn ni. Nígbà tó wà lọ́mọdé, Àdùfẹ́ ni ìyá yìí kan náà ń pè é, oríkì tí ẹlòmíràn kì í pè láyé. Kò tíì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan láti ìgbà tó ti dé.

Rọ́ọ̀gì tó ń fi ìkọ́ ṣe ló ń gbà á sílẹ̀. Orí fóònù ló ti rí i, ó kọ́kọ́ fi í ṣeré, àfìgbà tó di ohun tí kò lè ṣe aláìṣe lójoojúmọ́. Ifeanyi tó ń jó irin ní Boundary ló fi sípóòkù kẹ̀kẹ́ rọ ìkọ́ náà fún un, ó sì bi í léèrè pé irú ẹja wo ló fẹ́ fi ohun kékeré yìí pa. Tájù, tó ń bá àwọn oníbàárà gba ẹrù jáde ní èbúté, ló ń bá a wá àpò kòkó wá láti Warehouse Road. Ṣìkẹ́mi yóò na àpò náà mọ́ férémù onígi, yóò gé aṣọ àlòkù sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, yóò ti ìkọ́ bọ ojú àpò, yóò sì fa aṣọ yọ láti abẹ́ kó yọrí díẹ̀. Ẹyọ kan kò jọ nǹkan kan. Tó bá di ẹgbẹ̀rún, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ẹ̀rù a sì máa ba Ṣìkẹ́mi fúnra rẹ̀ pé ọwọ́ òun yìí náà ló ṣe é.

Kò ya ẹyẹ, kò ya èèyàn, nítorí ìyá rẹ̀ kì í fẹ́ àwòrán ohun ẹlẹ́mìí nínú ilé. Ilẹ̀ pálọ̀ yìí gan-an ló ń yà, bó ṣe rí nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Sìmẹ́ǹtì pupa ni nígbà náà. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, oòrùn á gba fèrèsé ẹ̀yìn wọlé, irin fèrèsé á gé e sí ọ̀nà mẹ́rin, á sì tẹ́ gbọọrọ sílẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ tó ń kírun Alásárì. Ojú oòrùn yẹn gan-an ni ìyá rẹ̀ máa ń forí balẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ ilé ẹrù gàgàrà kan sẹ́yìn ilé wọn, ògiri rẹ̀ sì bo fèrèsé. Láti ọdún náà, oòrùn kò wọ pálọ̀ yẹn mọ́.

Kí Àlájà tó lọ ṣiṣẹ́ abẹ ojú, tó sì lọ sinmi lọ́dọ̀ Tájù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti ní kí Ṣìkẹ́mi kó àwọn àkísà inú àpótí páànù fi ṣiṣẹ́. Aṣọ pupa pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ dé ibi oòrùn, kò sí funfun. Ṣìkẹ́mi wo àpótí onígi. Ó ní, "Ilé bàbá tèmi náà kọ́ nìyí ni?" Ó fà á jáde, ó tú u dé ìsàlẹ̀, ó rí aṣọ funfun kan tí wọ́n ká sábẹ́ àwọn ìró gbígbó, ó sì mú sìsọ́ọ̀sì.

Ní báyìí, ó pe Tájù, ó sì sọ ohun tó ti ṣe fún un.

Tájù mí kanlẹ̀. "Sísítà mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀, ó yẹ kí n ti sọ fún yín. Mo máa dúró ra aṣọ funfun kí n tó délé. Kẹ́ẹ̀gì Sámúsámù wà nílé mi, mo máa fọ̀ ọ́, mo máa ká a dáadáa. Màámi ò ní mọ̀."

"Irọ́ la fẹ́ pa fún wọn yẹn."

"Omi kan náà ni, aṣọ funfun kan náà ni. Kí ló wá yàtọ̀?"

Ṣìkẹ́mi ní kó jẹ́ kí òun rò ó ná, ó sì pa fóònù. Bó bá gbà, kò sẹ́ni tí yóò bínú. Bí kò bá gbà, ìyá rẹ̀ lè má fi kọ́kọ́rọ́ kankan nínú ilé yìí sí ìkáwọ́ rẹ̀ mọ́ láé, yóò sì jẹ́ àlejò nínú ilé bàbá rẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́.

Monica, ayálégbé wọn tó wà ní yàrá iwájú, kanlẹ̀kùn, ó wọlé. "Anti Ṣìkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní iyọ̀..." Ó rí rọ́ọ̀gì náà. Ó bọ́ sílípáàsì rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri yí rọ́ọ̀gì náà po, kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kàn án. "Chai! Anti, who give you dis kind hand?" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi pé ṣọ́ọ̀ṣì ló wà. Kò rántí iyọ̀ náà mọ́ tó fi jáde.

Àárín ibi funfun náà ṣì ṣófo, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ṣìkẹ́mi kò lè dí i. Ó tú rọ́ọ̀gì kúrò lára férémù, ó tẹ́ ẹ síbi tí oòrùn máa ń dé láyé ọjọ́un, ó jókòó ti ògiri, ó ń retí wọn.

Ọkọ̀ Tájù dé nígbà tí ọjọ́ ti rọ̀. Àlájà Moríyọ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, ó wọ díńgí dúdú tí wọ́n fún un ní ọsibítù. Tájù tẹ̀ lé e pẹ̀lú àwọn ẹrù, ó sì há nylon kékeré kan mọ́ abíyá. Àlájà ní, "Mo fẹ́ wo ilé mi dáadáa," ó sì bọ́ díńgí náà.

Ó dúró gbagidi.

"Subuhánálláhì," ni ó wí. "Tájù, ṣé wọ́n ti wó ilé ẹrù yẹn ni?"

"Rárá, Màámi."

Ó gbójú sókè wo fèrèsé. Ògiri náà ṣì wà níbẹ̀, gàgàrà. Ó tún wo ilẹ̀. "Ibo wá ni oòrùn ń gbà wọlé?"

Ó rìn lọ díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ibi funfun náà bí ẹni tó fẹ́ yáná. Ìka rẹ̀ wọ inú aṣọ. Ó ń fọwọ́ ra á lọ, ó ń fọwọ́ ra á bọ̀, ojú tuntun rẹ̀ là kalẹ̀. "Aṣọ ni," ni ó wí. "Irin fèrèsé nìyí. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ibi tí mo máa ń forí kàn nìyí." Ó wo Ṣìkẹ́mi. "Ìwọ lo ṣe èyí?"

Tájù wúkọ́. Ó ṣẹ́jú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó panu mọ́.

Ṣìkẹ́mi kúnlẹ̀. "Èmi ni. Màámi, ẹ dárí jì mí. Aṣọ tí ẹ ní kí n sá ni. Mo ti gé e kí ẹ tó pè mí. Mo ṣí àpótí tí ẹ ò ní kí n ṣí."

Ọwọ́ Àlájà dúró lórí funfun náà. Ìbínú hàn lójú rẹ̀, ìbànújẹ́ sì tẹ̀ lé e. "Ọdún mọ́kàndínlógún," ni ó wí. "Èmi àti bàbá yín la jọ fún omi rẹ̀. Ó di etí kan mú, mo di etí kejì mú, oòrùn sì ń pa wá. Tirẹ̀ ló wọ̀ lọ. Tèmi ló kù." Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ó sì ti ìlẹ̀kùn.

"Mo sọ fún yín," ni Tájù wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ṣìkẹ́mi kò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ojú tì í, àánú ìyá rẹ̀ sì ń ṣe é débi pé ó gbàgbé láti sunkún. Wọ́n gbọ́ ìró àpótí tí wọ́n wọ́ jáde, wọ́n gbọ́ ìró ìdérí rẹ̀. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ládánì pe ìrun láti òpópónà kejì, wọ́n sì gbọ́ omi tó ń dà láti inú kẹ́tùlù àlùwàlá.

Àlájà jáde, ọwọ́ àti ojú rẹ̀ tutù. Ó dúró lẹ́bàá rọ́ọ̀gì, ó kẹ́yìn sí fèrèsé, ó gbé ọwọ́ sókè. Nígbà tó dé ibi ìforíkanlẹ̀, iwájú orí rẹ̀ sọ̀ sí àárín funfun náà, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Tájù, tó ti ń fẹsẹ̀ gbo ilẹ̀ látìgbà yẹn, dẹ́kun. Ìyanu ńlá ló bo Ṣìkẹ́mi mọ́lẹ̀: ìyá rẹ̀ ń forí kan aṣọ tí wọn ì bá fi dì í, ó sì wà láàyè.

Ó sálámà. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ọjọ́ tí mi ò ní mọ nǹkan kan ni mò ń tọ́jú ẹ̀ dè," ni ó wí. "Lónìí mo rí i. Mo forí kàn án, mo mọ̀ pé mo forí kàn án." Ó yíjú. "Tájù."

"Màámi."

"Ohun tó wà lábíyá ẹ yẹn, ṣé èmi lo rà á fún?"

Tájù wo nylon náà bíi pé ẹlòmíràn ló há a síbẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Ojú mi ti là, ẹ máa rántí. Fi í sínú àpótí onígi. Ìyẹn náà á sin èèyàn." Ìka rẹ̀ ti rí ibi tó ṣófo, níbi tí àpò kòkó ti yọjú. "Èyí ò tíì kún."

"Ibẹ̀ ni mo dé nígbà tí ẹ pè," ni Ṣìkẹ́mi wí. "Mi ò lè fọwọ́ kàn án mọ́."

Àlájà na ọwọ́ sí òkìtì ìrépé tó wà lẹ́bàá ògiri, ó fa ẹyọ kan yọ, ó fi ọwọ́ nà án kó tọ́, ó sì nà án sí ọmọ rẹ̀.

"Mú ìkọ́ ẹ wá, Àdùfẹ́. Parí ẹ̀ níṣojú mi."